Ẹ Bi Bàbá Oníkánfáàsì: Etí ni Tapolíìnì Ti Ń Kú

ÌBÉÈRÈ

Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Tíṣà ni mí ní Ilé-Ifẹ̀, ọmọ ọdún 34. Láti ọdún méjì sẹ́yìn ni mo ti ń tẹ̀lé àbúrò bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Kékeré, lọ sígbó ọdẹ nígbà ìsinmi. Ọ̀nà Ifẹ̀tẹ̀dó la máa ń gbà wọgbó. A ó rìn títí a ò fi ní gbọ́ ìró ọkọ̀ mọ́, a ó sì sùn síbẹ̀ ní alẹ́ méjì tàbí mẹ́ta. Àwa mẹ́ta là ń lọ, èmi sì ni mo kéré jù, nítorí náà èmi ni mo ń ru kánfáàsì. Kánfáàsì tírélà ni, Bàbá Kékeré ló gé e lára ògbólógbòó kan. Bí òjò bá ti pa á, n kì í lè yí ọrùn títí a ó fi délé. Mo rí irú kan lórí fóònù tí àwọn ọdẹ Amẹ́ríkà ń lò. Ó fẹ́lẹ́ bíi sílíìkì, wọ́n sì ká a sínú àpò tí kò ju ìgò ọtí lọ. Bàbá Kékeré ní ìranù ni, pé ewé gbòdògì ni bàbá tiwọn lò títí wọ́n fi kú. A fẹ́ padà lọ lẹ́yìn ọdún Ọlọ́jọ́. Èwo ni kí n rà tí kò ní ṣẹ́ mi lọ́rùn, tí kò sì ní ya mọ́ wa lórí lójú òjò?

Arukánfáàsì, Ilé-Ifẹ̀

ÌDÁHÙN

Arukánfáàsì, pẹ̀lẹ́ o, Ọlọ́run á fi àlàáfíà sí ọrùn náà. Nígbà tí o ti pè mí ní Bàbá, má bínú pé mo ń pè ọ́ ní "ìwọ".

Kí o lè mọ ẹni tó ń bá ọ sọ̀rọ̀: ṣọ́ọ̀bù mi kò jìnnà sí ọjà Atakúnmọ́sà níbí ní Iléṣà. Ọdún 27 rèé tí mo ti ń rán kánfáàsì ọkọ̀ akẹ́rù àti àtíbàbà òde ìnáwó, tí mo sì ń lẹ tapolíìnì tó bá ya. Bí kò bá sí òkú tàbí ìgbéyàwó lópin ọ̀sẹ̀, inú igbó ni wàá ti bá mi. Mo ń rán an, mo sì ń sùn lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń tà á lọ́jà kò sùn lábẹ́ ẹyọ kan rí, àfi ti ọjọ́ tí wọ́n jókòó jẹ ìrẹsì lóde ìyàwó.

Bàbá Kékeré kò parọ́ lórí gbòdògì. Bí ènìyàn bá mọ̀ ọ́n tò, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, kí ewé òkè máa gun ewé ìsàlẹ̀ lẹ́yìn bí ìpẹ́ ẹja, òjò kò ní kán sí i lára fún ọ̀sẹ̀ kan àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò tún ní ariwo: òjò tó ń dún gbàgàgbàgà lórí ọ̀rá, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló ń rọ̀ lórí ewé. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ wákàtí méjì ni fún ọwọ́ mẹ́ta, kí ilẹ̀ sì tó ṣú ni. Ibi tí wọ́n bá sì ti gé igbó gbin kòkó, o lè rìn títí kí o tó rí gbòdògì tó tó bo ajá. Ẹni tó máa pàgọ́ síbi kan, kí ó ṣe gbòdògì. Ẹni tó ń ṣí kiri lálaalẹ́ bíi tiyín, tapolíìnì ni tirẹ̀. Bí ẹ bá rí ewé náà, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ kí ẹ tó tẹ́ ẹní lé e, inú Bàbá Kékeré á dùn, ẹ̀yìn tiyín náà kò sì ní tutù.

Ó ku ìwúwo. Ohun tí ò ń rù yẹn kì í ṣe kánfáàsì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni àwa náà ń pè é. Aṣọ polyester ni, wọ́n fi PVC, irú ọ̀rá kan tó nípọn, bò ó níwájú lẹ́yìn. Ẹyọ tó fẹ̀ ní mítà kan tó sì gùn ní mítà kan máa ń wọn bíi 600 gíráàmù. Mítà mẹ́ta lọ́nà mẹ́ta, tó gba ẹni mẹ́ta bí wọn kò bá bára wọn jà, jẹ́ irú rẹ̀ mẹ́sàn-án: kílò márùn-ún ó lé, láìtíì ka okùn. Mo mọ ìbọn tí kò wúwo tó bẹ́ẹ̀. Ìyẹn nígbà tó gbẹ o. Níbi tí Bàbá Kékeré gé e sí, kò sí PVC mọ́ létí rẹ̀, aṣọ inú rẹ̀ ló yọ síta, ó sì ń fa omi bí òwú àtùpà ṣe ń fa epo. Ìdí nìyẹn tí ọrùn rẹ kì í fi í yí.

Tapolíìnì tí wọ́n ń sá kòkó sí yàtọ̀. Ọ̀rá pẹlẹbẹ ni wọ́n hun bí ẹní, wọ́n wá fi ọ̀rá mìíràn bò ó. Ọ̀rá kì í mu omi. Gbọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta, o ti gbọn òjò nù. Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ rẹ̀ máa ń wọn bíi 100 gíráàmù níbi tí ti tírélà ti wọn 600, èyí tó nípọn a tó 200. Nítorí náà, mẹ́ta lọ́nà mẹ́ta rẹ̀ kì í ju kílò kan sí kílò méjì lọ. Má gba ọ̀rọ̀ ẹnu oníṣòwò gbọ́ lórí èyí, nítorí "ó nípọn, ó sì fúyẹ́" ni gbogbo wọn ń wí. Gbé e lọ sí ìsọ̀ àwọn tó ń ra kòkó, bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi kọ́ ìwọ̀n. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì fi kọ́ ọ.

Kí o tó sanwó, ṣí i, kí o fi bo orí bí ìyàwó tuntun, kí o wá gbójú sókè síbi tí oòrùn wà. Bí o bá rí ìmọ́lẹ̀ wínníwínní bí ìràwọ̀, ibi tí òjò máa gbà wọlé lo ń wò yẹn, dá a padà. Lẹ́yìn náà, fi èékánná ha á. Èyí tó bá ń bó funfun bí awọ ẹni tí ọyẹ́ ti mú, oòrùn kò ní pẹ́ pa á.

Ìgbà yìí ni kí o wá wo etí, ibẹ̀ ni kí o sì ti lo àkókò jù. Ọdún 27 tí mo ti ń lẹ tapolíìnì, nínú mẹ́wàá tí wọ́n bá gbé wá, mo lè sọ pé mẹ́jọ ni ikùn wọn kò ní ìṣòro kankan. Etí ni tapolíìnì ti ń kú. Òrùka irin tí à ń gba okùn wọ̀, tí àwa ní ṣọ́ọ̀bù ń pè ní yẹtí, ló máa ń fà á ya, gẹ́gẹ́ bí yẹtí wúrà ṣe ń fa etí ìyá àgbà ya. Ká etí rẹ̀ láàárín àtàǹpàkò àti ìka. Ó yẹ kí ọwọ́ rẹ kan okùn tí wọ́n rán sínú ìṣẹ́po náà, yíká gbogbo rẹ̀. Bí kò bá sí okùn nínú rẹ̀, ọ̀rá lásán ni yẹtí náà dì mú. Wo igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: èyí tó dára máa ń ní aṣọ mìíràn níbẹ̀, wọ́n á ti ṣẹ́ ẹ po lẹ́ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta. Fi ìka gbìyànjú láti yí yẹtí náà. Bí ó bá ń yí bí òrùka tó tóbi fún ọwọ́ ọmọdé, fi sílẹ̀.

Ojú mi ló rí i tí mo fi ń wí bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2009, èmi àti àwọn mẹ́ta kan wà nínú igbó lẹ́yìn Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà. Mo gbé tapolíìnì búlúù lọ, mítà mẹ́rin lọ́nà márùn-ún, tuntun kanrin. Mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé oníṣẹ́ ni mí, mo fi okùn líle ta á mọ́ igi mẹ́fà, mo fà á títí tó fi ń dún bíi gángan. Wọ́n yìn mí. A ti pa ẹtu kan àti ọ̀yà méjì, a gbé wọn lé àtẹ, à ń yan wọ́n. Nígbà tó di nǹkan bí aago méjì òru, àkọ́rọ̀ dé, àkọ́rọ̀ kì í sì í kan ilẹ̀kùn. Ìjì wọ abẹ́ tapolíìnì, ó gbé e sókè, mo sì gbọ́ pó! pó! pó! Yẹtí mẹ́ta já bọ́ bíi bọ́tìnì ẹ̀wù ẹni tó yó jù. Ibi tó rọ̀ sílẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í gba omi, ó ń wú, ó ń wú, bí ikùn aboyún tó ti wọ oṣù rẹ̀. Àgbà tó wà láàárín wa ní òun fẹ́ fi igi tì í láti ìsàlẹ̀ kí omi lè dà nù. Igi náà gún un. Gbogbo omi yẹn dà sórí iná, ó dà sórí ẹran, ó sì dà sínú ẹ̀tù ìbọn wa, ẹ̀tù di ẹ̀kọ. Inú òjò la jókòó sí títí ilẹ̀ fi mọ́. Títí di òní, bí ọ̀kan nínú wọn bá rí mi lọ́jà, "Oníṣẹ́!" ló fi ń kí mi.

Nígbà tí mo gbé e dé ṣọ́ọ̀bù tí mo tẹ́ ẹ sílẹ̀, yàtọ̀ sí ihò tí igi àgbà dá sí i, kò sí ibì kan tí ara rẹ̀ ti bàjẹ́. Etí nìkan ni. Àṣìṣe mẹ́ta ni mo ṣe: ó tóbi jù, mo fà á le jù, mo sì ta á pẹrẹsẹ bí àtíbàbà òde, tí omi kò rí ibi sàn sí.

Bí mo ṣe ń ṣe é báyìí rèé. N kì í so okùn mọ́ yẹtí fúnra rẹ̀ mọ́ níbi tí ìjì ti lè jà. Mo máa ń kó ọmọ ayò bíi mẹ́wàá dání, ó le, ó jọ̀lọ̀, kò ní igun. Màá fi ọmọ ayò kan sí abẹ́ tapolíìnì, ní ìwọ̀n ìbú ọwọ́ kan sí etí, màá ká ọ̀rá bò ó bí ẹni di mọ́ín-mọ́ín, màá wá fi okùn so ọrùn rẹ̀. Gbogbo ọ̀rá tó yí ọmọ ayò náà ká ló ń jùmọ̀ fa ẹrù, kì í ṣe òrùka kan ṣoṣo. Láàárín okùn àti igi, mo máa ń so rọ́bà túùbù ọ̀kadà tí mo gé ní ìbú ìka méjì. Bí ìjì bá fà á, rọ́bà á nà. Bí ìjì bá lọ, á padà. Àwọn fọkanáísà máa ń fún mi ní túùbù tó ti bẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, yẹtí kan kò já mọ́ mi lọ́wọ́.

Okùn kan ni kí o ta láàárín igi méjì, kò gbọdọ̀ ga ju àyà rẹ lọ, kí o gbé tapolíìnì kọ́ ọ bí òrùlé, kí apá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wá fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀. So àkísà kékeré mọ́ okùn náà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, níta díẹ̀ sí ibi tí tapolíìnì parí sí. Omi tó bá ń tẹ̀lé okùn bọ̀ láti ara igi á dé ibi àkísà, á kán sílẹ̀ níbẹ̀, kò ní wọlé wá bá yín. Kí o tó so ohunkóhun, gbójú sókè. Ẹ̀ka tó ti kú lórí igi kò ní sọ fún ọ kó tó wó. Ìjàlọ ńkọ́? Bí o bá rí ọ̀wọ́ wọn nítòsí, ẹ kó ẹrù yín kúrò níbẹ̀, ẹ má bá wọn jiyàn.

Àwọ̀ tún ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ ọdẹ ti rò lọ. Ẹran onípátákò bíi ìgalà àti ẹtu kò rí àwọ̀ bíi tiwa. Pupa kò hàn sí wọn dáadáa, ṣùgbọ́n búlúù hàn sí wọn kedere. Búlúù yìí ló sì kún ọjà! Wá àwọ̀ ewé tàbí àwọ̀ ilẹ̀. Ó wà, àwọn oníṣòwò kàn máa ń kó o sí ìsàlẹ̀ ni.

Ní ti èyí tí o rí lórí fóònù, kì í ṣe ìranù. Mo ti fọwọ́ kan méjì. Aṣọ ni wọ́n fi silicone, ohun bíi rọ́bà tí omi kì í wọ̀, rin. Bí aṣọ náà bá jẹ́ nylon, silnylon ni wọ́n ń pè é. Bí ó bá jẹ́ polyester, silpoly ni. Mẹ́ta lọ́nà mẹ́ta rẹ̀ lè má ju ìdajì kílò lọ. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì tó kàn ọ́ ni pé nylon máa ń mu omi díẹ̀, ó sì máa ń nà bó bá tutù. Ohun tí o fà le nírọ̀lẹ́ á ti rọ̀ wọ̀ọ̀ lóru, wàá dìde lọ tún un fà nínú òjò. Polyester kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì tún ń fara da oòrùn jù ú lọ. Èyí tó fúyẹ́ jù lọ, tí wọ́n fi òwú kan tó ń jẹ́ Dyneema ṣe, tó bíi ìdajì silpoly níwọ̀n, owó rẹ̀ sì ga ju tiwọn lọ fíìfíì. Má wulẹ̀ dẹ́rù ba owó oṣù tíṣà. Ṣọ́ra fún àwọn olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n fi PU (polyurethane, irú ọ̀rá kan) kùn nínú. Ooru àti ọ̀rinrin ilẹ̀ wa kì í jẹ́ kó pẹ́. Oníbàárà kan gbé irú rẹ̀ wá, ó ti ká a sí àjà fún ọdún mẹ́ta. Nígbà tí a ṣí i, ó ti lẹ̀ mọ́ra bíi gọ́ọ̀mù, ó ń rùn kíkan, PU náà sì ń ṣí bí awọ ẹni tó jóná. Kò sí ohun tí mo lè ṣe sí i.

Gbogbo aṣọ olówó iyebíye wọ̀nyí ló ń bẹ̀rù iná ju èyíkéyìí lọ. Ẹ̀ta iná kan ṣoṣo, ihò kan. Ẹ̀yin tí ẹ ń yan ẹran lóru, ẹ gbọ́dọ̀ gbé àtẹ jìnnà sí i ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá ó kéré tán, ta ni ó sì fẹ́ dìde lọ yí ẹran padà nínú òjò?

Ohun tí èmi yóò rà bí mo bá jẹ́ ìwọ: bí o bá ní ará lókè òkun tó ń bọ̀ wálé, silpoly, mítà mẹ́ta lọ́nà mẹ́ta, àwọ̀ ewé. Bí kò bá sí, má yá owó nítorí rẹ̀. Ra tapolíìnì kòkó tó wà láàárín, kì í ṣe èyí tó fẹ́lẹ́ jù, mẹ́ta lọ́nà mẹ́ta, kí ó má ju kílò kan ààbọ̀ lọ. Gbé e fún oníṣẹ́ kí ó fi bẹ́líìtì àpò ẹ̀yìn ṣe etí sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti àárín ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Duro tì í. Bí ó bá fẹ́ gba àárín rẹ̀ rán ohunkóhun, gba nǹkan rẹ lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí gbogbo ojú abẹ́rẹ́ ni ojú omi. Etí nìkan ni kí abẹ́rẹ́ kàn. Lẹ́yìn Ọlọ́jọ́ tí ẹ fẹ́ lọ yẹn, òjò àrọ̀kúrò ṣì wà lójú ọ̀run, nítorí náà ta á sí ẹ̀yìnkùlé lẹ́ẹ̀kan kí o tó lọ, kí o da korobá omi márùn-ún lé e lórí. Pe Bàbá Kékeré kí wọ́n wá jókòó sábẹ́ rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ

Bàbá, gọ́ọ̀mù wo ló lè lẹ tapolíìnì kòkó? Gbogbo èyí tí mo ti lò ló ń ṣí. — Ọdẹ Òru, Ifẹ̀wàrà

ÌDÁHÙN

Kò sí. Ọ̀rá yẹn kì í gba gọ́ọ̀mù, ẹ má fi owó ṣòfò mọ́. Ẹ ra téèpù tó nípọn, ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu ojú ibẹ̀ títí eruku á fi tán, ẹ lẹ̀ ẹ́ níwájú, ẹ lẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn, kí méjèèjì fara kanra nínú ihò náà. Ẹ gé igun téèpù náà róbótó. Igun ṣóńṣó ló ń kọ́kọ́ ṣí. Ti PVC tírélà ní gọ́ọ̀mù tirẹ̀, ìyẹn yàtọ̀. Ti silpoly, silicone nìkan ló ń mú un.

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ sà. Ọkọ mi máa ń gbé tapolíìnì tí mo fi ń sá kòkó lọ sígbó ọdẹ. Bó bá gbé e dé, ẹ̀jẹ̀ àti èéfín ló wà lára rẹ̀. Mo bá a wí, ó ní kò sí ohun tó ń ṣe kòkó. Ṣé òótọ́ ni? — Ìyá Oníkòkó, Ọ̀sú

ÌDÁHÙN

Ìyá mi, ẹ sọ fún bàbá pé èmi ni mo ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rá pọ̀ nínú èso kòkó, kì í sì í pẹ́ fa òórùn mọ́ra. Òórùn èéfín tó bá ti wọ̀ ọ́ kì í lọ mọ́, àní lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yan án tí wọ́n ti sọ ọ́ di ṣokoléètì. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń rà á fi máa ń bu ẹ̀kúnwọ́ kan gbóòórùn kí wọ́n tó dá owó lé e. Ẹ fi ọṣẹ àti omi púpọ̀ fọ èyí tó wà nílẹ̀, ẹ sá a sóòrùn ọjọ́ méjì, kí ẹ tún gbóòórùn rẹ̀. Bí ó bá ṣì ń rùn, ti igbó ló ti di yẹn. Ẹ má ṣe gé e sí méjì láti pín in o! Ẹ ti ka ohun tí mo sọ nípa etí lókè. Tapolíìnì tuntun ni kí bàbá rà fún yín, kí ó máa lo èyí. Mo ní àwọ̀ ilẹ̀ méjì nílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, bí òun náà bá fẹ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Owó ọwọ́ ni kí ó mú bọ̀, bàbá mi ló ṣe òṣómàáló, èmi kò ní ẹsẹ̀ tí mo fẹ́ fi lóṣòó sí iwájú ilé ẹnikẹ́ni.